Aṣọ pupa tí mo tú kúrò lára báàgì Màmá

Ẹ wá bá mi bú ẹnu mi yìí!

Màmá mi ń lọ ìlú òyìnbó lónìí, wọ́n fẹ́ lọ tọ́jú ọmọ tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Wọ́n so aṣọ pupa mọ́ báàgì, bá a ṣe máa ń sàmì sẹ́rù nínú mọ́tò tó ń lọ Ìmẹ̀kọ. Èmi ọ̀gá pátápátá Ayétòrò, mo tú u.

"Màmá, èèpọ̀ọ̀tù là ń lọ o! Kọ̀ǹpútà á mọ báàgì yín ju ẹ̀yin gan-an lọ."

"Ó dá ẹ lójú? Ọ̀já tí mo fi pọ̀n gbogbo yín wà nínú ẹ̀ o."

"Ẹ fọkàn balẹ̀ jàre!"

Àwọn òṣìṣẹ́ èèpọ̀ọ̀tù gba báàgì tán ni sáfà, kọ̀ǹpútà ńlá tó ń darí gbogbo ẹrù, bá kú. Kò sí èkejì tó máa gbaṣẹ́ ẹ̀ ṣe. Èmi gan-an ní páwà báǹkì méjì fún fóònù kan ṣoṣo! Ni wọ́n bá ń fojú wá báàgì nínú òkìtì ẹrù, dúdú ni gbogbo ẹ̀. Báálù ò dúró. Màmá lọ lọ́wọ́ òfo.

Báálù ti gbéra kí wọ́n tó rí báàgì. Ó wà lẹ́sẹ̀ mi nínú mọ́tò báyìí, aṣọ pupa wà lápò mi.

Tí Màmá bá délẹ̀, kí ni kí n fi bẹ̀ wọ́n? Ẹ sọ̀rọ̀, ẹ yéé fi mí rẹ́rìn-ín.