Obìnrin Tó Gbọ́wọ́ Sókè Lẹ́nu Ọ̀nà

Bí ẹ bá dárúkọ olóògbé Tíṣà Ògúnkànmí n'Ìbàfò, ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ ni wọ́n á kọ́kọ́ sọ. Lọ́dún 2004, ó ya fídíò ìṣẹ́jú méjì láti fi kọ́ kíláàsì rẹ̀ ní ìtàn kíkọ: ọkùnrin kan jí ewúrẹ́ gbé sá lọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti Mowé, Ọ̀gbẹ́ni Olúgbádé, ló ṣe olè. Lọ́jọ́ kejì, àwọn ọmọ rí olè fídíò níbi tó ti ń ra búrẹ́dì, wọ́n figbe ta. Èrò ti di í ní bẹ́líìtì mú kí Tíṣà tó dé.

"Ògúnkànmí, gbà mí! Sọ fún wọn!"

Tíṣà yíjú sáwọn ọmọ. "Ó dáa. Kí ló máa wá ṣẹlẹ̀ báyìí?"

Kò sí fídíò rẹ̀ tó lópin. Tó bá ti dùn tán, jẹnẹrétọ̀ á kú. Àwọn ọmọ rò pé epo ló tán, wọ́n dáwó, wọ́n ra gálọ́ọ̀nù kan. Tíṣà dúpẹ́, ó rọ epo, ó bẹ̀rẹ̀ fídíò láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì pa á síbi àná gan-an.

"Òpin wà lọ́wọ́ yín," ó ní. "Epo tó kù wà lọ́wọ́ mi."

Fadilah nìkan nínú kíláàsì ni kò gbà fún un. Fídíò tí Tíṣà ní kó kọ òpin rẹ̀ ni ti obìnrin tó sọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin l'Ágbàdo, tó rìn dé ẹnu ọ̀nà ilé kan, tó gbọ́wọ́ sókè láti kanlẹ̀kùn. Gbì! Iná kú.

"Ẹ jẹ́ n wo òpin tiyín ná, sà, kí n tó kọ tèmi."

"Kọ tìẹ ná, kí n tó fi tèmi hàn ọ́."

Fadilah jáde ìwé mẹ́wàá, ó kó lọ sí Ifọ̀. Gbogbo Jímọ̀ ni Tíṣà ń fíláàṣì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìtumọ̀ rẹ̀ ni: ṣé o ti kọ ọ́? Òun náà á fíláàṣì padà lẹ́ẹ̀mejì: ẹ fi tiyín hàn mí ná, sà. Ọdún márùn-ún gbáko, kò sẹ́ni tó ná káàdì.

Jímọ̀ kan, fóònù ò dún. Fadilah rẹ́rìn-ín, òun ló borí. Lọ́jọ́ Sátidé ni wọ́n pè é pé Tíṣà ti kú.

Ó lọ sílé Tíṣà, ó kúnlẹ̀ kí opó rẹ̀. Obìnrin tó gbọ́wọ́ sókè nínú fídíò ni.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, òpin yẹn… ṣé ẹ lè fi hàn mí?"

"Òpin wo?" Ìyá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Kò yà á rárá. Ó ní ọmọ kan ń bá òun kọ ọ́ lọ́wọ́, ká dúró dè é. Látọjọ́ náà lapá mi ti wà lókè."

Fadilah tọrọ bírò lọ́wọ́ ìyá. Ojú ń tì í. Ó kọ ọ́ pé: *Kó tó kanlẹ̀kùn, ohùn ọkùnrin kan dáhùn láti inú ilé: "Wọlé, jàre. N ò ti ilẹ̀kùn."*