Ilé Oníkáàdì Tí A Fi Ẹnu Kọ́

Ọdún tí mo ń retí lẹ́tà ìgbàwọlé sí iléèwé gíga, ara mi kò balẹ̀ rárá. Bí mo bá gbọ́ ìró kẹ̀kẹ́ lójú ọ̀nà wa ní Igbein, màá ti dìde, bóyá onílẹ́tà ni. Màá tún máa ká aṣọ tí mo ti ká tẹ́lẹ̀. Ìyá mi, tó jẹ́ tíṣà, á ní, "Jókòó, ìwọ ọmọ yìí. Òòyì ń kọ́ mi."

Ọdún yẹn náà ni bọ̀ọ̀dá mi dé láti Lọ́ńdọ̀nù lẹ́yìn ọdún mẹ́fà. Ìmọ̀ ẹ̀rọ ló lọ kọ́. Ìyá wa ti sọ fún gbogbo ìjọ pé ẹnjiníà ni ọmọ òun. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti dé, kò wá iṣẹ́ kankan. Á jí, á wẹ̀, á wọ ṣẹ́ẹ̀tì, á wá máa rìn láti ojú fèrèsé kan dé òmíràn. Àwa méjèèjì ń rìn kiri inú ilé bí adìyẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí.

Ọ̀sán Sátidé kan, ó mú ìwé kan jáde nínú àpótí rẹ̀, ó ní eré ni. Mo wá ọpọ́n rẹ̀ tì. Ìwé yẹn, pẹ́ńsùlù àti dáìsì lúdò ni gbogbo ohun tó fẹ́. Òun á máa sọ ibi tí a wà, àwa á máa sọ ohun tí a ṣe, dáìsì á sì sọ bóyá ó bọ́ sí i tàbí kò bọ́ sí i. Ayé tí kò tíì dé ni eré náà dá lé.

Mo lọ pe ọ̀rẹ́ mi nílé kejì. Mùsùlùmí ni wọ́n, àdìrẹ ni ìyá rẹ̀ ń tà, òun náà sì ti ń bá a tà á láti kékeré. Kò kàwé kọjá ìwé mẹ́fà, ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá yọ lọ́ọ̀ọ́kán, ó ti mọ̀ bóyá yóò rà tàbí kò ní rà.

Bọ̀ọ̀dá mi bẹ̀rẹ̀. Ó ní a wà nínú ilé gogoro kan. Oògùn tí yóò wo odindi ìlú sàn wà nínú yàrá kan lókè pátápátá, àwa la máa gbé e jáde. Kò sí ihò kọ́kọ́rọ́ lára ìlẹ̀kùn ilé náà. Káàdì pẹlẹbẹ ni wọ́n fi ń ṣí i. Bí o bá fi káàdì kan ara ògiri, kọ̀ǹpútà á wo ẹni tí o jẹ́, á wo ibi tí wọ́n gbà ọ́ láyè dé, á sì kọ wákàtí tí o wọlé sílẹ̀.

"Bí wọ́n bá mú iná lọ ńkọ́?" ọ̀rẹ́ mi bi í.

"Wọn kì í mú iná lọ níbẹ̀."

"Lóòótọ́ ni, Bọ̀ọ̀dá. Ayé tí kò tíì dé ni."

A rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo kọ́kọ́ dojú kọ ìlẹ̀kùn yàrá oògùn náà. Mo ní mo tú ara ògiri, mo já wáyà, mo so ó pọ̀. Mo ju dáìsì, oókan ló bọ́ sí. Agogo dún, àwọn ẹ̀ṣọ́ gbé mi. A tún un bẹ̀rẹ̀. Mo ní mo méfò nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Eéjì ni. Wọ́n tún gbé mi. Sátidé mẹ́ta gbáko ni mo fi bá ìlẹ̀kùn yẹn jà. Láàárín ọ̀sẹ̀, bí mo bá ń fọ abọ́, òun ni mo ń rò. Mo kàn fẹ́ kí nǹkan kan ṣí fún mi, ohun yòówù kó jẹ́.

Ní Sátidé kẹrin, ọ̀rẹ́ mi wò mí títí, ó yíjú sí bọ̀ọ̀dá mi. "Bọ̀ọ̀dá, ta ló ń gbá yàrá tí oògùn yẹn wà?"

Ó ṣí ìwé wò. "Kò sí níbí."

"Yàrá ò lè gbá ara rẹ̀. Káàdì ọ̀gá, yàrá ọ̀gá nìkan ló lè ṣí. Ẹni tó ń gbálẹ̀, gbogbo yàrá ló ń wọ̀. Òun ni mo fẹ́ rí. Màá kí i pé ẹ kú iṣẹ́. Màá bi í bóyá ó ti jẹun."

Bọ̀ọ̀dá mi gbé dáìsì, ó tún gbé e kalẹ̀. Ó dìde lọ sójú fèrèsé, ó padà.

"Kò sẹ́ni tó ń kí i," ó ní. "Káàdì rẹ̀ ń ṣí gbogbo ìlẹ̀kùn. Àwọn tó ni tábìlì á dé láàárọ̀, wọ́n á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni pé àga ni. Ọdún mẹ́rin. Ẹ̀rọ tó ń kọ wákàtí tó dé nìkan ló mọ̀ pé ó wá."

"Inú ìwé lẹ ti rí ìyẹn?" mo bi í.

"Rárá. Èmi ni."

Ó wá sọ ọ́. Ọdún kejì ló fìdí rẹmi nínú ìdánwò, wọ́n sì ní kó máa lọ. Ó ríṣẹ́ agbálẹ̀ ní ọ́fíìsì ńlá kan, wọ́n fún un ní káàdì. Kò mọ bí yóò ṣe kọ ọ́ sí wa.

Ọ̀rẹ́ mi ló kúnlẹ̀ díẹ̀, bí a ṣe ń kí àgbà. "Ẹ kú iṣẹ́, Bọ̀ọ̀dá," ó ní.

Bọ̀ọ̀dá mi fi ọwọ́ méjèèjì bojú. A ò ṣe eré náà mọ́.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, nígbà tí ìyá wa ti iléèwé dé, bọ̀ọ̀dá mi dọ̀bálẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀. Ìyá wa kò bọ́ bàtà, kò gbé báàgì sílẹ̀.

"O sì ń kọ̀wé pé ìdánwò ń lọ dáadáa?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ìyá wa kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sẹ̀ yẹn. Èyí tó tẹ̀ lé e, ó lọ. Nígbà tí wọ́n béèrè ẹnjiníà, mo gbọ́ tó ní, "Kò parí ẹ̀kọ́ náà. Ó wà nílé."

Láàárín oṣù kan, bọ̀ọ̀dá mi lọ kọ́ṣẹ́ rédíò títún ṣe ní Láfẹ́nwá, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí kò tó o lọ́jọ́ orí. Ó pẹ́ kí rírìn kiri rẹ̀ tó dáwọ́ dúró.

Lẹ́tà mi dé, wọn kò gbà mí. Ọdún kejì ni wọ́n tó gbà mí, nílùú mìíràn. Bọ̀ọ̀dá mi ló gbé àpótí mi dé gáréèjì. Ó tì í sábẹ́ àga, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀.

"Bí o bá yege, kọ̀wé," ó ní. "Bí o kò bá yege, tètè kọ̀wé."

Mo ní mo ti gbọ́, sà. Ọkọ̀ kò tètè kún, síbẹ̀ bọ̀ọ̀dá mi kò lọ títí a fi gbéra.