Òórùn Káńfọ̀ Lára Aṣọ Ọmọ Mi

Nọ́ọ̀sì kò tíì wo ojú ọmọ mi tó fi gbé aṣọ tí mo fi wé e símú.

Ọmọkùnrin ọjọ́ mẹ́fà ni. Láàárọ̀ yìí, ojú rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, ìtọ̀ rẹ̀ sì dúdú bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Èmi àti Màámi wọ ọkọ̀ pijó láti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ wá sí ọsibítù ní Ìjẹ̀bú-Òde.

"Ta ló kó káńfọ̀ sínú aṣọ yìí?" ni nọ́ọ̀sì bi wá.

"Èmi ni," Màámi dáhùn. "Kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́ nínú àpótí."

Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà kò ní èròjà kan tó yẹ kó máa dáàbò bò ó, òórùn káńfọ̀ sì ti ń ba ẹ̀jẹ̀ náà jẹ́. Ó ní láti ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọkùnrin ti ń jogún irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Inú bí mi débi pé n kò lè wojú Màámi. Màámi rọra ká aṣọ náà.

"Aṣọ yìí náà ni mo fi pọn àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ ọkùnrin méjèèjì," ni wọ́n wí. "Àbíkú la pè wọ́n."

Àwọn dókítà ṣì ń wá ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa fà sí ọmọ mi lára. Kò sunkún mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tuntun nílé, ẹ gbé aṣọ rẹ̀ símú báyìí. Kí lẹ gbọ́?