Bí Mo Ṣe Wá Kábúrétọ̀ Ọkọ̀ Mi Dé Kétu

Àkùkọ kò tíì kọ tí mo fi gbéra ní Abẹ́òkúta nínú ọkọ̀ eré mi, oníjòkòó méjì, tí àwọn Faransé ṣe kí ogun àgbáyé kejì tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tààrà: kò sí mẹkáníìkì tó mọ irú ọkọ̀ yẹn jù mí lọ ní gbogbo ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ohun kan ṣoṣo ló ń dójú tì mí. Kábúrétọ̀ inú rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́, ti ọkọ̀ akẹ́rù ni. Ọkọ̀ ń wúkọ́ bí arúgbó, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo búra níwájú wọn pé bí n kò bá rí ojúlówó mú bọ̀ láti Kétu, n ó tú ọkọ̀ náà palẹ̀.

Kétu, ní òdì kejì ààlà, ni mo ti ra ọkọ̀ náà, lọ́wọ́ Baba Múfú tó ti dolóògbé. Òun ló sọ fún mi pé ojúlówó wà nínú àpótí nílé òun, ṣùgbọ́n kò yọ̀ǹda rẹ̀ títí ó fi kú.

Ọ̀nà Ìmẹ̀kọ kún fún kòtò, eruku pupa sì bò mí dé ìpéǹpéjú. Ní ààlà, duwáníè, bí wọ́n ti ń pe kọ́sítọ́ọ̀mù wọn, yí ọkọ̀ náà po, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n máa lọ. Láti ibẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń gbà, kì í ṣe òsì bíi tiwa. Mo jẹ àkàsà, èyí tí àwa ń pè ní ẹ̀kọ, pẹ̀lú ẹja díndín, ní faranki mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, kò tó ṣílè kan. Ata wọn kì í ṣe ti ọmọdé!

Opó mẹ́ta ni mo bá nílé Baba Múfú. Ìyálé wọn gbé kábúrétọ̀ méjì síwájú mi, ọ̀kan ń dán, ọ̀kan dúdú fún gíríìsì.

"Káàbọ̀, ọmọ mi. Èwo ni tọkọ̀ wa?"

Mo rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ má dán mi wò. Èyí tó ń dán yìí, ẹ̀yìn ogun ni wọ́n ṣe é. Ihò bóòtù mẹ́ta ló ní, méjì sì ni ẹ́ńjìnnì mi ń fẹ́."

Mo fi èékánná ha èyí tó dúdú. Nọ́ńbà yọ, irú lẹ́tà kan náà tí wọ́n tẹ̀ sára ẹ́ńjìnnì mi. Idẹ ni ọ̀fun epo rẹ̀. "Òun nìyí! Ojúlówó!"

Ìyálé gbé e lé itan rẹ̀. "O mọṣẹ́. Ṣùgbọ́n a ò tà á."

Mo fa owó yọ síbẹ̀.

"Ìjókòó méjì ni ọkọ̀ yẹn ní," ó ní, "ìyàwó mẹ́ta la jẹ́. Baba ní bí òun bá gbé ẹnì kan, ilé máa dàrú. Kò gbé ẹnikẹ́ni nínú wa rí. Eruku rẹ̀ nìkan là ń fà símú. Gbé wa dé Akaba Ìdẹ́nà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o wá máa mú un lọ."

Mo dè é mọ́ ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Ọkọ̀ dún kooro, kò wúkọ́ mọ́! Ìyálé ló kọ́kọ́ wọlé. Bí mo ti rọra ń lọ, ó pariwo, "Ṣé bí Baba ṣe ń wà á nìyí? Tẹ̀ ẹ́!" Mo tẹ̀ ẹ́. Gèlè rẹ̀ fò lọ, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi dé, lẹ́yìn náà ó sunkún gidi. "Múfú, o ò bá ti gbé mi lẹ́ẹ̀kan péré." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dọ́kàn.

Ìyàwó kejì fẹ̀sùn kàn mí pé mo sáré fún ìyálé ju òun lọ, mo sì ní láti tún un gbé. Ẹni kẹta kò fẹ́ sọ̀kalẹ̀ rárá.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo wọ Abẹ́òkúta. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi gbọ́ ohùn ọkọ̀ láti òkèèrè, wọ́n sáré jáde wá pàtẹ́wọ́. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé mi, àwọn ìyàwó mi méjèèjì sì jáde síta, wọ́n ń wo ìjókòó kan tó ṣófo. N kò pa ẹ́ńjìnnì.

"Ìyá Bísí, wọlé," ni mo wí. "Ìyá Ṣadé, má jìnnà o. Ọ̀nà kan náà, eré kan náà."