Ojú-Ìwé Tí Tíṣà Fà Ya

Ìlà mẹ́ta péré ni ọmọ mi obìnrin máa ń kọ nígbà náà. Tí wọ́n bá ní kí wọ́n kọ aròkọ nípa ọjà, á kọ ọ́ pé ọjà tóbi, ọjà dára, inú òun dùn. Ó parí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́ ni, àmọ́ tó bá ti mú bírò lọ́wọ́, á di odi. Ìdánwò ìwé mẹ́fà ń bọ̀ lọ́dún kejì, aròkọ ló sì máa ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ọmọ fìdí rẹmi. Ọkàn mi kò balẹ̀. Télọ̀ ni mí. Nàìjíríà ni mo ti kàwé díẹ̀ kí n tó bá ọkọ mi wá sí Lomé, mi ò sì lè ka Faransé. Èdè tí mi ò lè kà, báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ́ ọmọ láti kọ ọ́?

Ọjọ́ kan ni mo rán an sí oníbàárà mi kan ní àdúgbò Akodessewa, pé aṣọ rẹ̀ kò ní í tán lọ́jọ́ Sátidé. Nígbà tó dé, ó dúró níwájú mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jíṣẹ́.

"Mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń fọ ẹja. Mo ní, 'Bonjour, Maman, wọ́n ní kí n kí yín.' Mo sọ ti aṣọ fún wọn. Wọ́n ju ẹja padà sínú omi, omi ta sí mi lára. Wọ́n wá ní, 'Sọ fún ìyá ẹ pé ìgbéyàwó kì í dúró de télọ̀.'"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ní, "Ṣé ìwọ yìí náà ni kò lè kọ ìlà mẹ́rin?"

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kó tó kọ ohunkóhun, á kọ́kọ́ jẹ́ ẹ fún mi bí iṣẹ́, ní Yorùbá, èmi á máa wa ẹ̀rọ ìránṣọ mi lọ. Tó bá ní ọjà dára, màá ní, "Ta ló rán ẹ pé kó o wá sọ bẹ́ẹ̀? Kí lo rí?" Ó máa ń bínú. Èmi náà kò ní sùúrù. Mo ti fi rúlà gbá a lọ́wọ́ rí nítorí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ń dùn mí títí dòní. Tó bá kọ ọ́ ní Faransé tán, á kà á, á túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Mi ò dá sí gírámà rẹ̀. Àmọ́ tí ọ̀rọ̀ náà bá wọ̀ mí lára, ẹsẹ̀ mi á gbàgbé iṣẹ́, ẹ̀rọ á dúró. Kò pẹ́ tí ọmọ náà fi ṣàkíyèsí. Ó wá di pé torí kí ẹ̀rọ lè dúró ló ṣe ń kọ̀wé. Kí ọdún tó parí, ojú-ìwé kan kò gbà á mọ́.

Àwọn àgbà ní ẹni tó ránni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ń jẹ́ ẹ fún. Mo sọ fún un pé ojú rẹ̀ ló rán an, kó má bẹ̀rù tíṣà. Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu mi gan-an.

Lọ́dún kejì, wọ́n kó àwọn ọmọ iléèwé lọ sẹ́bàá títì láti juwọ́ sí olórí ìjọba tó ń sin àlejò rẹ̀ lọ sí pápákọ̀ òfurufú. Gbogbo òbí ló mọ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀: a fọ yúnífọ́ọ̀mù, a di búrẹ́dì fún wọn. Lọ́jọ́ kejì, tíṣà ní kí wọ́n fi kọ aròkọ. Ọmọ mi jíṣẹ́ fún mi, ó kọ ọ́, ó kà á. Ìparí rẹ̀ ṣì wà lórí mi:

"A dúró láti aago méje. Ọmọbìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tọ̀ sára, kò kúrò lójú kan, torí sójà ní kí ẹnikẹ́ni má mira. Nígbà tó di ọ̀sán, mọ́tò náà kọjá. Gíláàsì rẹ̀ dúdú. A juwọ́. Mi ò mọ̀ bóyá èèyàn wà nínú rẹ̀."

Ẹ̀rọ mi dúró. Mo ní, "O káre, ọmọ mi. Èyí dára ju gbogbo tẹ́lẹ̀ lọ." Èmi tí mo mọ̀ pé ògiri létí, èmi tí mo máa ń tẹ ọkọ mi lẹ́sẹ̀ tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ìjọba níwájú oníbàárà, adùn aròkọ nìkan ni mo gbọ́. Ìgbéraga ti dí mi létí.

Ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, tíṣà rẹ̀ wá sílé wa. Ará Atakpamé ni, ó gbọ́ Yorùbá wa. Kò jókòó.

"Bonsoir, Maman. Ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ wà nílé?" Ó yọ ojú-ìwé kan tó ti ká sí mẹ́rin lápò. "Èmi ni mo fà á ya nínú ìwé cahier rẹ̀. Directeur iléèwé wa ò tíì rí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sun ún. Kó kọ òmíràn wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè." Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú padà. "Maman, láti ọjọ́ tí mo ti ń kọ́ ọmọ, mi ò tíì ka èyí tó tó o."

Mo ṣí àyọ́ọ̀nù eléèédú mi, mo jù ú sórí ẹyin iná. Ọmọ mi ti inú yàrá jáde, ó dúró tì mí, ó ń wò ó.

"Maman, ṣé irọ́ ni mo pa ni?"

"Rárá."

"Kí ni kí n wá kọ?"

Àlejò ni wá nílùú yìí. Èbúté ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n lè wá mú un lọ́jọ́ kan, kí a má mọ ibi tí wọ́n gbé e lọ. Ẹ̀rù bà mí, mi ò parọ́. Mo ní, "Kọ ọ́ pé gíláàsì mọ́tò ṣí sílẹ̀. Kọ ọ́ pé wọ́n rẹ́rìn-ín sí yín. Kọ ọ́ pé inú ẹ dùn."

Ó lọ kọ ọ́. Kò kà á fún mi. Wọ́n fún un ní máàkì méjìdínlógún nínú ogún, wọ́n kà á sókè ní kíláàsì, wọ́n ní kí òbí fọwọ́ sí i. Mo fọwọ́ sí i. Ojú tì mí bí olè.

Ó yege ìdánwò rẹ̀ lọ́dún yẹn, aròkọ ló sì ti gba máàkì jù. Inú bàbá rẹ̀ dùn débi pé ó pa adìyẹ. Mo pe ọmọ náà sẹ́yìn ilé, mo bi í pé kí ló kọ nínú aròkọ ìdánwò náà.

Ó ní, "Ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ ni, Maman."