Ọmọ Mi Tó Bá Borí, Ọmọ Rẹ Tó Bá Ṣubú

Nígbà tí ọmọ-ọmọ mi ṣì ń sáré, èmi ni mò ń ròyìn rẹ̀ kiri Orozo, àdúgbò wa ní Àbújá. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni, òun ni àkọ́bí fún ọmọkùnrin mi tí mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Tó bá ti gba ipò kìn-ín-ní nílé ìwé, mo ti dé ìdí bọ́hòò tí a ti ń pọnmi nìyẹn: "Ọmọ mi tún ti fi wọ́n sẹ́yìn o!" Obìnrin tó ni bọ́hòò náà sọ mí ní Màmá Eléré-ìje. Ó dùn mọ́ mi.

Lọ́jọ́ tí àwọn ilé ìwé agbègbè wa pàdé fún eré-ìje, mo kó àwọn aládùúgbò lẹ́yìn lọ wòran. Ọmọ náà ṣubú níbi tí ọ̀nà ti yí kọ́rọ́. Ó dìde, ó sá eré náà parí, òun ló kẹ́yìn. Bí a ṣe ń padà bọ̀ tí a dé ìdí bọ́hòò, obìnrin yẹn ní, "Màmá Eléré-ìje, ife ẹ̀yẹ dà? Àbí inú ọkọ̀ lẹ gbàgbé rẹ̀ sí?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí. Ni mo bá kọjú sí ìyàwó ọmọ mi, mo ní, "Ìyàwó, mú ọmọ rẹ wọlé, kó lọ fọ orúnkún rẹ̀."

Ọmọ rẹ. Ọmọ náà sì dúró tì wá, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àbújá ni wọ́n bí i sí, kì í fẹ́ sọ Yorùbá, mo rò pé kò ní fiyè sí i. Láti ọjọ́ náà, kò sáré mọ́. Bí bàbá rẹ̀ bá bi í, á ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Èmi náà gbà pé ẹsẹ̀ ni.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, ọmọbìnrin mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Kòríà bímọ, mo lọ bá a wẹ ọmọ. Oṣù mẹ́ta ni mo fi jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n wọn. N kò gbọ́ èdè, ṣùgbọ́n mo ń rí i. Eré ìdárayá yòówù kí wọ́n máa ṣe, ọmọ tiwọn ni kámẹ́rà ń tẹ̀ lé. Àlejò á borí, wọn ò ní fi í hàn pẹ́. Ọmọ tiwọn á gba ipò kẹta, wọ́n á máa fi í hàn láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, wọ́n á tún wá ìyá rẹ̀ lọ sábúlé. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Àwọn wọ̀nyí mọ ọmọ yìn bíi tèmi."

Ọmọbìnrin mi ní, "Màámi, ẹ ní sùúrù."

Kò pẹ́, ọmọbìnrin kan tó ń sáré lórí yìnyín ṣubú. Wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí i lẹ́nu, ó tẹríba, ó ń sunkún. Mo béèrè pé ta ló kú.

"Kò sẹ́ni tó kú, Màámi. Ó ń bẹ gbogbo ìlú pé kí wọ́n má bínú ni. Lánàá, 'ọmọ wa' ni ọkùnrin tó ń ròyìn yẹn ń pè é. Lónìí, orúkọ rẹ̀ lásán ló ń dá. Àwọn aládùúgbò mi níbí ń bá a sunkún o, àmọ́ ẹ gbọ́ tẹlifíṣọ̀n."

Ọwọ́ tí mo fi ń fi òrí pa ọmọ lára dúró.

Nígbà tí mo padà dé, mo pe ọmọ-ọmọ mi pé ká jọ lọ pọnmi. Ibi tí mo ti ṣẹ̀ ẹ́ ni mo fẹ́ ti bẹ̀ ẹ́. Bí obìnrin yẹn ṣe rí wa, ó ní, "Kai, Màmá Eléré-ìje ti tòkè òkun dé! Ọmọ yín yìí ṣì ń sáré?"

Mo ní, "Ọmọ mi ni. Lọ́jọ́ tó ṣubú, ọmọ mi náà ni. Ìtìjú ló jẹ́ kí n yọwọ́ nínú rẹ̀." Mo yíjú sí ọmọ náà. "Má bínú, ọmọ mi."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Kẹ́ẹ̀gì omi wa ti kún, omi ń dà nù. Ọmọ náà pa ẹ̀rọ omi.

"Gránmà, mo gbọ́ yín lọ́jọ́ yẹn," ló wí, Yorùbá rẹ̀ ń kọsẹ̀.

Ó gbé kẹ́ẹ̀gì náà, ó ṣíwájú. Ó ń rọra rìn kí n lè bá a. Títí di òní, kò tíì tún sáré.