Wọ́n Sọ Ọ̀sà Di Oko Mi

Ẹ̀kọ́ nípa ẹja ni mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìjagun, àmọ́ àbúrò ìyá mi, tó ń gbé létí ọ̀sà ní apá Wọ́tásáìdì, ló pè mí pé kí n wá bá àwọn wo omi àwọn. Ìkarahun tí àwọn obìnrin ibẹ̀ ń kó tà ti ń kéré jù. Ẹran kan ni, inú iyanrìn ìsàlẹ̀ omi ló ń gbé, ìkarahun rẹ̀ sì pàdé bí igbá àti ọmọrí.

Ìgbà tí omi fà ni mo lọ. A jọ wọ inú omi, a ń fọwọ́ tú iyanrìn, mo sì ń wọn gbogbo ohun tí a bá rí. Àgbà kò sí nínú wọn mọ́. Ọmọ wẹ́wẹ́ tí kò tíì yé ẹyin rí ló kù. Mo ní kí wọ́n máa dá àwọn kéékèèké padà, kí wọ́n sì jẹ́ kí apá kan omi náà sinmi, kí ẹnikẹ́ni má kó níbẹ̀ títí òjò yóò fi dá. Gbogbo wọn gbà. Àbúrò ìyá mi gan-an ló bá mi ri oparun mọ́lẹ̀ yí apá náà ká. Tìdùnnú-tìdùnnú ni mo padà sílé.

Kò pẹ́ tí awakọ̀ kan fi gbé ike ńlá kan wá bá mi nílé ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó ní àbúrò ìyá mi ló fi rán òun. Mo ṣí i. Ìkarahun ló kún un dẹ́nu, kéékèèké bí èékánná. Mo pe àbúrò ìyá mi lórí fóònù, mo bi í pé níbo ni wọ́n ti kó o. Ó ní àárín oparun ni.

"Ohun tó jẹ́ tìrẹ ni mo kó fún ọ," ó ní. "Àbí ta ni kí n kó o fún?"

Ara mi gbóná. Wọ́n rò pé mo gba ọ̀sà ni. Mo gbé ike náà sẹ́yìn ọkọ̀, mo wakọ̀ padà lọ, mo sì da àwọn tó ṣì wà láàyè sínú omi lójú gbogbo wọn. Àbúrò ìyá mi gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí ẹ̀bùn rẹ̀ ni mo dànù. Mo ṣàlàyé fún wọn léraléra pé kì í ṣe tèmi, pé ti gbogbo wọn ni. Ni obìnrin kan bá dìde, ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó ní tó bá jẹ́ ti gbogbo àwọn, a jẹ́ pé òun lè wọ ibẹ̀ nìyẹn.

Àbúrò ìyá mi wá sún mọ́ mi. "Jẹ́ kó jẹ́ tìrẹ," ó rọra sọ ọ́. "Ohun tó bá ní olúwa rẹ̀ ni èèyàn ń bẹ̀rù."

Inú bí mi, nítorí irọ́ ni. Síbẹ̀, mo ní ó dáa, tèmi ni, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ kó o, ìbáà ṣe ẹbí mi.

Nígbà tí òjò dá, mo padà lọ wọn àwọn tó wà láàárín oparun. Àwọn kan ti tóbi tó àtàǹpàkò mi, wọn kò sì tíì tó kó. Ìta oparun kò sàn rárá. Oko olùkọ́ ni wọ́n ń pe ibẹ̀ báyìí. Ọkùnrin kan tiẹ̀ wá láti Ayépé, ó ní òun gbọ́ pé mo ní omi, ṣé mo máa tà á. Mo ní rárá. Ó rò pé mò ń ṣe yàngà ni, kò sì tíì yéé pè mí.